Àáfáà Tó Ń Gbé Inú Mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìwà òmùgọ̀ tí mo hù, kí ẹ fi mí rẹ́rìn-ín tán kí a tó dé ibi tí ẹ̀rín ò sí. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé ṣúgà ń bá ìtọ̀ mi jáde, oyin ni mo lọ rà.

Ẹ má tíì pariwo lé mi lórí. Bíríkìlà ni mí, ní Ọ̀yọ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mẹ́fà ọ̀hún ò tiẹ̀ pé tán. Ohun tí mo mọ̀ nípa nǹkan tó ń jò kò ju ti dúrọ́ọ̀mù omi tí a fi ń po síméńtì lọ: bí dúrọ́ọ̀mù bá ń jò, tí kò sì tíì sí ẹni tí yóò dí i, ńṣe lẹ ó máa bu omi kún un kí iṣẹ́ má bàa dúró. Nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ wa ló yẹ ìtọ̀ wa wò lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi kan. Ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Bàbá Dọ̀tun, ṣúgà ń bá ìtọ̀ yín jáde o. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó lọ sí ọsibítù." Etí mi mú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó fi ìkejì sílẹ̀. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ohun tó ń jò padà. Oyin ṣíbí méjì láàárọ̀, ṣíbí méjì nírọ̀lẹ́, mọ́ọ̀tì tútù kan lọ́sàn-án. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, mo sì ń yin ara mi pé orí mi pé.

Ara ti ń kìlọ̀ fún mi ṣáájú ìgbà yẹn. A ń kọ́ ilé alájà kan ní Irẹsà, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Òùngbẹ tó ń gbẹ mí kì í ṣe òùngbẹ oòrùn. N ó mu omi ike ńlá kan tán, ẹnu mi á tún gbẹ bí ẹni tó lá ìyẹ̀fun. N ó lọ tọ̀ lẹ́yìn òkìtì búlọ́ọ̀kù, n ò ní tíì dé ìdí iṣẹ́ tí n ó tún fi padà. Ìyá Sílífá ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀. Lébírà ni obìnrin yìí. Ó ti ń ru páànù kọnkéré kí n tó di ọ̀gá, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ṣọ́bìrì lọ. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ìtọ̀ yín lẹ fẹ́ ká fi po èyí ni, ká lè yéé pọn omi?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rín in. Ṣòkòtò ti ń já bọ́ lára mi nígbà yẹn, mo ti fi ìṣó lu ihò tuntun méjì sára bẹ́líìtì. Tí mo bá na okùn láti wo ìlà búlọ́ọ̀kù, okùn kan á di méjì lójú mi. Mo ní àgbà ló dé.

Ọjọ́ tí mo wá mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, ìyàwó mi ló bá mi rí i. Bóòtù òjò ni mo wọ̀ láti àárọ̀. Mo gun àkàbà, mo sọ̀ kalẹ̀, mo rìn káàkiri. Nígbà tí mo délé, Ìyá Dọ̀tun bá mi fa bóòtù ẹsẹ̀ ọ̀tún, kò wá. Ó tún fà á. Ìgbà tó máa wá, ẹ̀jẹ̀ ló tẹ̀lé e. Ìṣó tó gùn tó ìka ọwọ́ ti gba ìsàlẹ̀ bóòtù wọlé, ó kàn mọ́ mi lẹ́sẹ̀ lábẹ́ ọmọ-ìka. Gbogbo ọjọ́ ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Bàbá Dọ̀tun, ẹ ò mọ̀ ni?"

"Mo mọ kí ni?"

Ó tẹ ojú ibẹ̀. "Kò dùn yín?"

Kò dùn mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo ti jẹ ìrora láyé mi. Búlọ́ọ̀kù ti já lù mí rí, mo ti ti orí àkàbà ṣubú rí. Kò sí èyí tó dẹ́rù bà mí tó ìrora tí kò wá lọ́jọ́ yẹn. Ẹsẹ̀ tí mo fi ń jẹun ti kú mọ́ mi nídìí, kò sì dágbére. Mo wá ṣe bí ọkùnrin: mo ní kó fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ ẹ́, mo sì tún lá oyin lé e.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ojú egbò náà fi dúdú. Èébì dé. Mò ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré gun òkè, bẹ́ẹ̀ orí ẹní ni mo wà. Ìyàwó mi ní òórùn kan ń ti ẹnu mi jáde bí èso tó ti rà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n gbé mi lọ, nítorí pé Mọ́jí wà níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti dolóògbé ni Mọ́jí, ó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí kan ní yunifásítì. Nínú mọ́tò, orí itan ìyàwó mi ni mo gbé orí lé. Gbogbo kòtò tí táyà bá bọ́ sí ló fi ń pe Jésù. Jésù gbọ́ orúkọ rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ yẹn.

Ní ọsibítù, wọ́n gún mi níka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀rọ kékeré kan. Ẹ̀rọ náà ò mú nọ́ńbà wá. "HI" ló kọ. Mo rò pé ó ń kí mi ni. Mo ní, "Ẹ bá mi kí i padà." Nọ́ọ̀sì náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti ga kọjá ibi tí ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n kà dé.

Lẹ́yìn èyí, n ò rántí púpọ̀. Omi ń kán wọ apá mi, abẹ́rẹ́ ń wọlé. Nígbà tí ojú mi là, dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kì í gbéra nílẹ̀, sọ fún mi pé ọmọ-ìka ẹsẹ̀ náà ti kú, wọ́n ní láti gé e kó má bàa ran àwọn yòókù. Wọ́n gé e. Ìka tó kéré jù lára mi, tí n ò kí "ẹ kú iṣẹ́" rí láyé mi, mo sunkún rẹ̀ bí ẹni tó sìnkú.

Mọ́jí ló wá ṣàlàyé àìsàn náà fún mi. Àtọ̀gbẹ ni a ń pè é, àwọn mìíràn ń pè é ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó ní orúkọ kejì yìí ló tàn mí jẹ. Kì í ṣe pé ṣúgà ń tán lára mi. Ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ni, kò rọ́nà wọ inú ẹran ara tí ó yẹ kó lò ó, ni kíndìnrín bá ń da àkúnwọ́sílẹ̀ rẹ̀ nù pẹ̀lú ìtọ̀. Oyin tí mo ń lá, orí iná ni mo ń da epo sí. Ó ní ohun tó yẹ kó máa darí ṣúgà náà wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, ó gùn gbọọrọ bí ahọ́n, pánkíríàsì lorúkọ rẹ̀. Mo bi í pé kí ni Yorùbá ń pè é. Ó ní òun ti bi àwọn àgbà, oníkálukú ló ń sọ tirẹ̀. Nígbà tó yá tí mo lè rìn, mo bi alápatà kan ní Sábó. Ó fi ẹnu ọ̀bẹ hàn mí láàrin ìfun màlúù, nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú kan. Ó ní, "Èyí? Ènì la fi ń ṣe. Kò sẹ́ni tó bèèrè orúkọ rẹ̀ rí." Ọkàn mi bàjẹ́. Ohun tó gbé ẹ̀mí mi ró, ènì ni lórí tábìlì alápatà.

Mọ́jí ní, "Bàbá Kékeré, bí ẹ ṣe ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé, sẹ́ẹ̀lì ni ara fi kọ́ ara rẹ̀. Nínú pánkíríàsì, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan kóra jọ ní ìdì-ìdì bí abúlé. Àlfà wà níbẹ̀, bẹ́tà wà níbẹ̀..."

"Dúró ná. Àáfáà wà nínú mi?"

"Àlfà ni mo wí, sà."

"Ohun témi náà wí nìyẹn. Èmi tí mo ti ń wọ sùtánà funfun láti kékeré, àáfáà ló ń gbé inú mi?"

Ìyàwó mi tó jókòó sídìí bẹ́ẹ̀dì bú sẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

"Ó dáa," Mọ́jí ní, "ẹ jẹ́ kó jẹ́ àáfáà. Àáfáà ló ń pe ìrun, àbí? Tí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń ké sí ẹ̀dọ̀ pé kó jí, kó kó èyí tó fi pamọ́ jáde. Tí ṣúgà bá wá pọ̀, bẹ́tà ló kàn. Bẹ́tà á tú íńsúlìn sílẹ̀. Íńsúlìn ló ń ṣílẹ̀kùn kí ṣúgà lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Ẹ̀kẹta ń jẹ́ dẹ́lítà, òun ló ń sọ fún àwọn méjèèjì pé ó tó gẹ́ẹ́."

"Bẹ́tà tèmi ò wá bẹ́tà mọ́."

"Bẹ́tà kì í dá ṣiṣẹ́, Bàbá Kékeré, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ihò tíntìntín wà láàrin ọ̀kan àti ìkejì. Èyí tó bá kọ́kọ́ mọ̀ pé ṣúgà dé á ta aládùúgbò rẹ̀ lólobó, ìyẹn náà á ta tẹ̀yìn rẹ̀ lólobó, gbogbo wọn á wá tú u sílẹ̀ pọ̀. Wọ́n á sinmi, wọ́n á tún tú u. Ohun tí à ń wò nínú yàrá ìwádìí nìyẹn, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń kọjá láàrin wọn. Nínú irú àtọ̀gbẹ tiyín, ó jọ pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún máa ń já kí púpọ̀ nínú wọn tó kú rárá. Oníkálukú wà níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹnì kejì. Ara náà sì ti kọ etí dídi sí íńsúlìn. Wọ́n á máa pariwo títí tó fi máa rẹ̀ wọ́n."

Mo ní, "Dẹ́kìn nìyẹn."

Kò yé e, mo bá là á yé e. Tí a bá fẹ́ da kọnkéré àjà òkè, tí à ń pè ní dẹ́kìn, àwọn lébírà á tò láti ìdí ibi tí a ti ń pò ó títí dé orí àjà. Páànù á máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Kò sẹ́ni tó ń wo páànù. Ohùn ẹni tó ń lé orin lo ń gbọ́, ọwọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lo ń fura sí. Ẹnì kan ṣoṣo bá gbójú síbòmíràn, páànù á já. Kọnkéré ò sì ní í dúró de ẹnikẹ́ni: bí ẹ bá dá a dúró lágbede méjì, ojú ibi tí ẹ ti dáwọ́ dúró ni àjà náà máa là. Lọ́jọ́ tí a da ti Irẹsà, oòrùn dá lébírà kan kúnlẹ̀, síbẹ̀ a parí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Bàbá Kékeré," Mọ́jí ní, "ẹ jẹ́ kí n kọ ìyẹn sílẹ̀."

Inú mi dùn fún ìṣẹ́jú kan. Mo wá bi í bóyá wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń mú kí wọ́n tún máa bára wọn sọ̀rọ̀. Ó wo ilẹ̀. "A ń wá a, sà. A ò tíì mọ̀ ọ́n. Abẹ́rẹ́ íńsúlìn la ní báyìí."

Abẹ́rẹ́ yẹn ni mò ń bẹ̀rù. Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá Mọ́jí gan-an, kò lò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní tirẹ̀ tó fi kú. Ní agboolé wa, abẹ́rẹ́ ṣúgà ni ìwé ìpè. Mọ́jí mọ ohun tí mò ń rò. Ó ní, "Abẹ́rẹ́ kọ́ ló pa Dádì mi. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi sá fún un. Ìgbà tí wọ́n máa gbà, ó ti pẹ́ jù." Mo gbọ́. Gbígbọ́ yàtọ̀ sí gbígbà.

Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa gún ara mi nínú awọ ikùn, wọ́n dá wa padà sí Ọ̀yọ́. Wọ́n sọ ọ́ léraléra pé ẹni tó bá gún un gbọ́dọ̀ jẹun. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo gún un, mo wọ sùtánà, mo gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ, mo sì gbààwẹ̀. Ẹni tó wà nínú ewu á gbààwẹ̀, bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà nìyẹn. Kí wọ́n tó ka ẹ̀kọ́ kejì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, òógùn bò mí, àyà mi ń lù kìkì. Àáfáà inú mi ń pe ìrun kíkankíkan, kò sẹ́ni tó jí. Ìyàwó mi ló sáré po ṣúgà sínú omi tó fún mi mu. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, mo padà di èèyàn. Ó yẹ kí n sọ pé àìjẹun ló fà á. Ohun tí mo sọ ní ọkàn mi ni pé: bí wọ́n ṣe pa ẹ̀gbọ́n mi nìyí.

Mo jáwọ́. Mo ti ìgò íńsúlìn sẹ́yìn ẹ̀fọ́ nínú fíríìjì, mo sì ń wọ yàrá láràárọ̀ bí ẹni tó lọ gún un. Mo purọ́ fún obìnrin tó fa ìṣó jáde lẹ́sẹ̀ mi. Egbò tó ti ń jiná tún bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Nígbà tí a padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Kò sí ohun tí mo lè ṣe níbẹ̀ ju kí n ka nǹkan lọ, bí mo ṣe ń ka búlọ́ọ̀kù. Àwa mọ́kànlá la jókòó. Mo ka ẹsẹ̀ wa. Kò pé méjìlélógún. Mo tún un kà, ó sì tún dín ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé n ò tíì rí ti bàbá tó fi aṣọ bo itan.

Dókítà ohùn jẹ́jẹ́ tú egbò náà. "Bàbá, ṣé ẹ ń gún un?"

"Mò ń gún un."

"Ẹ̀jẹ̀ yín ò sọ bẹ́ẹ̀, sà."

Ìyàwó mi wò mí. Ì bá sàn kó pariwo. Dókítà ní wọ́n máa gbà mí sí wọ́ọ̀dù, wọ́n máa fọ egbò, wọ́n máa fún mi ní oògùn. Ṣùgbọ́n bí ṣúgà ò bá lọ sílẹ̀, kò sóhun tó máa mú egbò náà jiná, ìsàlẹ̀ orúnkún ni wọ́n máa ti gé ẹsẹ̀ náà. Ó ní òun ò lè fi tipá gún mi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó di ọ̀la.

Ohun tí mo rò ní gbogbo ọjọ́ yẹn, n ò fẹ́ kí ọ̀tá mi rò ó. Bí mo gún un, n ó kú bí ẹ̀gbọ́n mi. Bí n ò gún un, wọ́n á gé mi, n ó sì di bíríkìlà ẹlẹ́sẹ̀ kan. Àkàbà wo ni mo fẹ́ gùn? Mo ti ń pín irinṣẹ́ mi lọ́kàn: ẹni tó máa gba tírówẹ̀ẹ̀lì, ẹni tó máa gba okùn. Mo dojú kọ ògiri. Ògiri náà wọ́, mo sì rí i, inú sì bí mi sí ẹni tó kọ́ ọ. Àṣé ẹni tó ń kú lọ ṣì lè máa wá àléébù iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó já sí, kí n tó sọ ohun tó mú un já síbẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ṣì wà. Ó gbà tó oṣù márùn-ún kí egbò tó pa. Ọmọ-ìka ò padà wá, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀lára ò padà sí àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Tí mo bá tẹ iná mọ́lẹ̀ lónìí, imú mi ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń fi dígí wo abẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ìyàwó tuntun ṣe ń wo ojú. Mo ń ti ọwọ́ bọ inú bàtà kí n tó wọ̀ ọ́. Ìjọ wa kì í wọ bàtà nínú ilé Ọlọ́run. Mo bẹ Olùṣọ́àgùntàn, ó fún mi láyè kí n máa wọ bàtà funfun kan tí kò kan ilẹ̀ ìta rí. Mo máa ń jẹun lẹ́yìn abẹ́rẹ́, n kì í sì í gbààwẹ̀ mọ́. N ò gun àkàbà mọ́, ìsàlẹ̀ ni mo ń dúró sí tí mò ń pàṣẹ. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ọkàn mi máa ń rẹ̀wẹ̀sì débi pé n ò ní fẹ́ dìde. Àìsàn yìí kò lọ, kò sì sẹ́ni tó ṣèlérí fún mi pé yóò lọ. Ṣùgbọ́n mo ti wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ohun tí n ò mọ̀ pé ó wà: àwọn tó fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ta ara wọn lólobó nínú mi, láìsí ọ̀gá, láìsí ìsinmi, títí ohùn fi há mọ́ wọn lọ́fun. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àáfáà náà pàápàá.

Ìyá Sílífá ló mú un já síbẹ̀. Ó wá kí mi ní wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kejì, síméńtì ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ìyàwó mi ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà, ti àáfáà, ti bẹ́tà, ti ìgò ẹ̀yìn ẹ̀fọ́. Kò jókòó.

"Ọ̀gá, ẹ kú ìnira o. Wọ́n ní àwọn lébírà inú yín ò gbọ́ra mọ́."

"Wọn ò gbọ́ra mọ́, Ìyá Sílífá. Ó ti parí."

"Lọ́jọ́ dẹ́kìn Irẹsà, tí oòrùn gbé Ràímì ṣubú láàrin ìlà, ṣé ẹ ní ká dáwọ́ dúró kí àjà là?"

Mo mi orí pé rárá.

"Ẹ sáré bọ́ sí títì, ẹ lọ mú ọlọ́kadà kan wá. Kò mọ orin wa, kò mọ orúkọ ẹnì kankan. Ẹ tì í sáàyè Ràímì, ẹ ní kó ṣáà na ọwọ́. Ṣé dẹ́kìn ọ̀hún là?"

"Kò là."

"Ọlọ́kadà náà ni abẹ́rẹ́ yìí, Ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kó gba páànù."